Ojú Mẹ́rin Ló Bí Ehoro Yìí

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Àwọn kan á ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a tọ́ ọ; ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń lọ. Níbi ìkómọjáde la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tí àgbà kan bá fẹ́ kí ìyá àti bàbá ọmọ mọ̀ pé ẹrù tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe tiwọn nìkan. A ti gbọ́ ọ níbẹ̀ títí ó fi fẹ́ di ọ̀rọ̀ ìdùnnú lásán, èyí tí ènìyàn ń sọ kó tó bu àmàlà sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, òwe náà léegun. Ó ya ìbí sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú. Ọjọ́ kan ni ti ìbí, méjì péré sì ni àwọn tó ni ín. Ti ìtọ́jú kò lọ́jọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ka àwọn tó ń ṣe é tán. Ó tún wá ku ohun kan tí òwe náà dákẹ́ lé lórí: kò sọ níbì kankan pé igba ojú ló ni ọmọ.

Ọmọ tí mo fẹ́ fi tú òwe yìí kì í ṣe ènìyàn. Ehoro ni, aláwọ̀ ewé, tó so aṣọ pupa mọ́rí, tó gbé ìbọn búlúù dání. Jazz Jackrabbit lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1994 ni ilé-iṣẹ́ Epic MegaGames ti Amẹ́ríkà gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà tó ń lo DOS. Ojú mẹ́rin gan-an ló bí i: Cliff Bleszinski, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, ló ronú géèmù náà ní California, Arjan Brussee sì kọ kóòdù rẹ̀ láti Netherlands, níhà kejì òkun. (Mo mọ̀ pé Nick Stadler ló yàwòrán, pé Robert Allen ló ṣe orin. Ọmọ tuntun kò ní ṣaláìní agbẹ̀bí.)

Kí a tó lè mọyì ohun tí àwọn méjì yìí ṣe, ó yẹ ká rántí irú ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà jẹ́ nígbà náà. Géèmù tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ń sáré, tó ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, ọ̀dọ̀ Nintendo àti Sega ni wọ́n ti ń wá a. Ẹ̀rọ àwọn wọ̀nyẹn ní ohun tí wọ́n ṣe mọ́ ọn nínú láti máa fa àwòrán ẹ̀yìn kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní in. Oṣù Kejìlá 1990 ni géèmù Commander Keen jáde, lẹ́yìn tí John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é, rí ọgbọ́n dá sí i: dípò kí kọ̀ǹpútà máa tún gbogbo ojú àwòrán yà nígbà gbogbo, ibi tó bá yí padà nìkan ni yóò tún yà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Nígbà tí Jazz fi dé, ó gbé àwọ̀ 256 wá, ó sì ń sáré débi pé ojú ẹni tó ń ta á fẹ́ẹ̀ má lè bá a. Gbogbo ayé ló rí i pé Sonic tí Sega gbé jáde ní 1991 ni wọ́n ń wò ṣe é, wọn kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ fi pamọ́.

Ìtàn inú rẹ̀ á pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ìjàpá ni ọ̀tá. Devan Shell lorúkọ rẹ̀, ọ̀mọ̀ràn burúkú ni, òun ló jí Eva Earlong ọmọ ọba àwọn ehoro gbé, tí Jazz fi gbéra láti wá a kiri láti ayé kan dé òmíràn. Inú ìtàn ìje ehoro àti ìjàpá tí wọ́n ń fi sí orúkọ Aesop ará Gíríìsì ni wọ́n ti mú un: wọ́n ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìje yẹn, ìjà kò tíì tán láàárín ìran méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ àlọ́ ìjàpá dàgbà kò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìjàpá ló hùwà ìkà.

Bí wọ́n ṣe tà á náà yẹ ní sísọ. Shareware ni wọ́n ń pe ètò náà: apá àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó bá gbà á lè dà á kọ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á dà á kọ fún ọ̀rẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ìyókù ni yóò fowó ránṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú ti ń wo ọmọ náà kó tó rìn.

Jazz Jackrabbit 2 ni kókó ọ̀rọ̀ mi, nítorí òun ni igba ojú kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Ọdún 1998 ló jáde fún Windows. Devan jí òrùka ìgbéyàwó Jazz àti Eva, ó fi í ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ sẹ́yìn nínú àkókò, Jazz sì tẹ̀lé e pẹ̀lú Spaz àbúrò rẹ̀ tó pupa bí iná, tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé. Jazz a máa fi etí méjèèjì yí fìrìfìrì kó lè balẹ̀ jẹ́jẹ́. Spaz lè fò lẹ́ẹ̀kejì lójú òfuurufú. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ọgọ́rùn-ún lójú ọ̀nà, ṣúgà á gùn ún, ọ̀tá kankan kò ní lè mú un fún ìgbà díẹ̀. Alexander Brandon ló ṣe orin rẹ̀, orin náà sì dára débi pé àwọn kan wà tí wọn kò ta géèmù náà mọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ.

Àsìkò tó jáde kò bá a lára mu. Ní 1998 kan náà ni Epic gbé Unreal jáde, géèmù ìbọn tí ènìyàn ń rìn kiri nínú ilé àti òkè rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ gan-an. Ojú gbogbo ọjà ti yí sí ìhà ọ̀hún. Ehoro tó ń sáré láti òsì lọ sọ́tùn-ún dà bí ohun àná. Àfikún géèmù náà kan, The Secret Files, tẹ̀lé e ní 1999, wọ́n tà á ní Yúróòpù, òun ló mú Lori arábìnrin wọn wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, èyí tí ilé-iṣẹ́ World Tree Games ń ṣe, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò tà á, ó sì kú sójú ọ̀nà. Ní 2002, Jazz mìíràn jáde fún Game Boy Advance. Wọ́n ti yí ojú àti ìwọṣọ ehoro náà padà, kò sì sí ohun tí ẹni tó rà á lè fọwọ́ kàn nínú rẹ̀ ju kó ta á tán lọ.

Àwọn òbí náà bá ọ̀nà tiwọn lọ. Bleszinski dúró ní Epic títí di 2012, òun ló darí Gears of War. Ilé-iṣẹ́ Orange Games tí Brussee wà nídìí rẹ̀ bá àwọn mìíràn dara pọ̀ di ohun tí a mọ̀ sí Guerrilla lónìí, àwọn tó ṣe Killzone àti Horizon. Epic fúnra rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ Fortnite. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n ṣe ọmọ náà níkà, wọ́n kàn bí àwọn àbúrò tó ń mówó wálé ni.

Kí ló dé tí kò fi kú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dára tó o ti di ìgbàgbé? Èsì mi wà nínú díìsìkì tí wọ́n fi tà á. Irinṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jazz Creation Station, JCS lẹ́nu àwọn tó ń lò ó, tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ ìpele tirẹ̀. Àwòrán kéékèèké onígun mẹ́rin ni gbogbo ayé inú géèmù náà, píksẹ́lì 32 ní ìbú, 32 ní òró. Wọ́n tò ó sí abala mẹ́jọ tó wà lórí ara wọn: ẹ̀kẹrin ni ehoro ń rìn lé lórí, àwọn yòókù ń yára tàbí ń falẹ̀ jù ú lọ, kí ojú lè rò pé òkè tó wà lẹ́yìn jìnnà. Àwòrán kejì tí ojú kò rí wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, òun ló ń sọ fún géèmù pé ibí jẹ́ ilẹ̀ líle, ibí jẹ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o fi ohun tó bá wù ọ́ sí i: kárọ́ọ̀tì, sípíríǹgì, ìjàpá tó ń ṣọ́nà. Ọmọ ọdún méjìlá lè kọ́ èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó sì ti lò ó fún ogún ọdún ṣì ń rí ohun tuntun nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rò pé òwe wa ní ohun tí a kì í sábà sọ. Kí igba ojú tó lè wo ọmọ, àfi kí òbí kọ́kọ́ gbé e jáde síta. Èyí tí wọ́n há mọ́ yàrá, kí ni aládùúgbò fẹ́ ṣe fún un? JCS ni ìkómọjáde Jazz. Kò sì jẹ́ èèṣì, ìwà ilé náà ni. Géèmù àkọ́kọ́ tí Tim Sweeney, olùdásílẹ̀ Epic, tà ní 1991, ìyẹn ZZT, lẹ́tà àti àmì lásán ni wọ́n fi yà á, àmọ́ irinṣẹ́ ìkọ́lé bá a jáde, àwọn ènìyàn sì ń fi ṣe ayé tuntun títí di àkókò yìí. Unreal náà ní tirẹ̀, UnrealEd, èyí tó fi di pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lágbàáyé ń fi ẹ̀rọ Unreal jẹun.

Ìpele tí àwọn olólùfẹ́ ti kọ́ fún Jazz 2 ti pọ̀ ju èyí tó bá a wá lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn kan kọ odindi ìtàn tuntun, wọ́n yàwòrán rẹ̀, wọ́n ṣe orin rẹ̀. Ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà nínú géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ehoro méjìlélọ́gbọ̀n lè pàdé lójú kan, wọ́n lè máa yìnbọn fún ara wọn, wọ́n lè jí àsíá ara wọn, wọ́n lè wá ìṣúra. Pàtàkì rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè fi kọ̀ǹpútà inú yàrá rẹ̀ ṣe sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn yòókù ń so mọ́ láti jọ ta géèmù náà. Lónìí àwọn olólùfẹ́ ló ń tọ́jú ìwé orúkọ tó ń fi hàn pé sáfà wo ló ṣí.

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù ni JJ2+, àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ ṣe fún Jazz 2. Epic kò tíì fi kóòdù Jazz 2 síta fún aráàlú. Àwọn tó ń ṣe JJ2+ ní láti wọ inú fáìlì tó ti dì pa, kí wọ́n wá ibi tí àṣìṣe wà, kí wọ́n lẹ ìtúnṣe mọ́ ọn láìrí ohun tí Brussee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Wọ́n tún àṣìṣe àtijọ́ ṣe, wọ́n jẹ́ kí ojú àwòrán rẹ̀ gbòòrò, wọ́n mú èdè AngelScript wọ inú rẹ̀ kí ẹni tó ń kọ́ ìpele lè fún ayé tirẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Igba ojú kì í sì í rí ohun kan náà. Jazz 2 tó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà 1.23, kò lè bá The Secret Files, ẹ̀dà 1.24, pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ilé pín sí méjì láti 1999. Àwọn kan ń fẹ́ kí ehoro náà máa dàgbà, àwọn kan ń fẹ́ ẹ bó ṣe rí ní 1998 pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Mo gbà pé ìjà yìí wà lára ìtọ́jú, ẹni tí ọmọ kò kàn kì í jà nítorí rẹ̀.

Ti pé ta ló ni ín wá ńkọ́? Epic ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ Jazz ní láti wá díìsìkì àlòkù. Ní ìparí 2017 ni wọ́n dá a padà sọ́jà lórí GOG, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún yẹn gan-an ni LawBreakers jáde, géèmù tí wọ́n ṣe ní Boss Key, ilé-iṣẹ́ tí Bleszinski àti Brussee tún jọ dá sílẹ̀ ní 2014. Orí sáfà ilé-iṣẹ́ nìkan ni ènìyàn ti lè ta á. Boss Key ti ilẹ̀kùn ní 2018, wọ́n pa sáfà náà kí ọdún tó parí, ẹni tó fowó rà á kò sì rí ibi tí yóò ti ta á mọ́. Ojú mẹ́rin kan náà ló bí méjèèjì.

Àwọn olólùfẹ́ Jazz mọ ààlà wọn. OpenJazz tún géèmù àkọ́kọ́ kọ láti ìpìlẹ̀, Jazz² Resurrection ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kejì, àwọn méjèèjì sì ṣí kóòdù wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò kó àwòrán àti orin Epic mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, fáìlì géèmù tó ní lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wá.