Iṣẹ́ abẹ báípáàsì ọkàn lẹ́yìn stẹ́ǹtì

Iṣẹ́ abẹ báípáàsì ọkàn lẹ́yìn stẹ́ǹtì ni èyí tí a ń ṣe fún aláìsàn tí wọ́n ti fi stẹ́ǹtì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Stẹ́ǹtì jẹ́ ọ̀pá oníhò kékeré onírin tí a hun bí àwọ̀n, tí ó ń mú kí iṣan tí ọ̀rá ti fún pa wà ní ṣíṣí. Nínú báípáàsì, oníṣẹ́ abẹ a mú iṣan láti ẹsẹ̀ tàbí àyà, a sì fi la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ láti yẹ ibi tí ó dí sílẹ̀.

Ìtàn

René Favaloro sọ báípáàsì di ìlànà tó gbilẹ̀ láti ọdún 1967 ní Cleveland, Amẹ́ríkà. Jacques Puel fi stẹ́ǹtì sínú iṣan ọkàn ènìyàn ní Toulouse, ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1986. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń gba stẹ́ǹtì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ.

Ipa lórí àbájáde

Àwọn ìwádìí kò fohùn ṣọ̀kan. Ìwádìí kan láti Jámánì ní ọdún 2006 rí i pé ikú ní ilé-ìwòsàn pọ̀ sí i láàrin àwọn tó ti gba irú ìtọ́jú yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwádìí ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 2009 kò rí irú ewu bẹ́ẹ̀. Stẹ́ǹtì gígùn lè gba ibi tí ó yẹ kí wọ́n rán iṣan tuntun mọ́, ó sì lè dí àwọn ẹ̀ka kéékèèké. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ó ti pẹ́ lára àti àtọ̀gbẹ náà lè fa ìyàtọ̀ yìí.

Oògùn

Ẹni tó ní stẹ́ǹtì sábà máa ń lo aspirin àti clopidogrel kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú rẹ̀. Clopidogrel lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya púpọ̀ lásìkò iṣẹ́ abẹ, nítorí náà wọ́n sábà máa ń dá a dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 5 ṣáájú. Aspirin sábà máa ń tẹ̀síwájú. Bí aláìsàn bá fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró, stẹ́ǹtì lè dí lójijì, èyí sì lè pa á.

Ní Nàìjíríà

Iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí bẹ̀rẹ̀ ní Enugu ní ọdún 1974. Ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára àwọn ibi tí a ti ń fi stẹ́ǹtì sí ọkàn, tí a sì ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń fi owó ara wọn sanwó ìtọ́jú, ìpinnu àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì: ẹni tó gba stẹ́ǹtì tí ó sì tún nílò báípáàsì yóò sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwádìí FREEDOM ti ọdún 2012 fi hàn pé, fún alátọ̀gbẹ tí iṣan ọkàn rẹ̀ púpọ̀ ti dí, báípáàsì ń dín ikú àti ìkọlù ọkàn kù ju stẹ́ǹtì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn rọpá-rọsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i.