Lẹ́ǹsì Gígùn, Awò Àfikún àti Orúkọ Ẹyẹ ní Igbó Ọ̀ṣun

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí lè dà bí èyí tí ó jìnnà sí iṣẹ́ onímọ̀ èdè. Ó jẹ mọ́ kámẹ́rà, ó jẹ mọ́ dígí, ó sì jẹ mọ́ ẹyẹ orí igi. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Ẹ ṣí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa àtijọ́ wò. Ọ̀pọ̀ orúkọ ẹyẹ ni kò ní àlàyé ju "irú ẹyẹ kan" lọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ gbọ́ orúkọ lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n kò rí ẹyẹ náà sójú. R. C. Abraham, tí ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1958, gbìyànjú ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kín ṣe àpẹẹrẹ. Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì pé kí ni ọ̀kín, ẹyẹ ńlá tí ń na ìrù bí abẹ̀bẹ̀ ni wọn yóò dárúkọ, èyí tí à ń rí nínú ọgbà àwọn olówó. Ẹyẹ yẹn kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Íńdíà àti Sri Lanka ni igbó rẹ̀ wà. Kí ni àwọn baba wa ń pè ní ọ̀kín kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹyẹ Íńdíà wá sí ilẹ̀ yìí? Èmi fara mọ́ àwọn tí ó ní ẹyẹ kékeré inú igbó wa ni, èyí tí akọ rẹ̀ ní ìrù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fì lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Terpsiphone. Bí a bá yọ ìrù rẹ̀ kúrò, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ológoṣẹ́ lọ. Kì í jókòó pẹ́. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ igi kò lè rí ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀rí, àfi bí ó bá ní ohun tí yóò fa ẹyẹ náà súnmọ́ ojú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ìbọn ni ohun náà. David Bannerman tẹ ìwé ńlá lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní apá mẹ́jọ láàárín 1930 sí 1951, orí awọ ẹyẹ ni ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ náà lé. Wọ́n á yin ẹyẹ níbọn, wọ́n á bó awọ rẹ̀, wọ́n á fi òwú kún un, wọ́n á so ìwé pélébé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ tí ará abúlé ń pe ẹyẹ náà kì í sábà bá awọ yẹn rìn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan, Richard àti Cherry Kearton, ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn. Ní 1892 wọ́n ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1895 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí ìtẹ́ ẹyẹ, tí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ fọ́tò. Nítorí pé lẹ́ǹsì wọn kò ríran jìnnà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní láti súnmọ́ ẹyẹ. Wọ́n tilẹ̀ fi awọ màlúù ṣe ẹran ńlá kan, wọ́n sì ń sá pamọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. (Ní ti èdè, ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ọdẹ ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún fọ́tò yíyà, wọ́n ń "ta" àwòrán. Yorùbá kò ta á. A yà á ni, bí ìgbà tí a fi ọwọ́ yà á sórí ìwé.)

Ìmọ̀ tí ó yanjú ìṣòro wọn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Johannes Kepler ti ṣàlàyé ní 1611 pé bí a bá fi dígí tí inú rẹ̀ jin sẹ́yìn dígí tí inú rẹ̀ yọ, àwòrán yóò tóbi sí i. Ní nǹkan bí 1833, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú dígí jíjin bẹ́ẹ̀ kún awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Nígbà tí ó di 1891, Thomas Dallmeyer ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn mìíràn ní Jámánì ṣe lẹ́ǹsì kámẹ́rà tí ń wo ọ̀nà jíjìn, láìgba ara wọn nímọ̀ràn.

Ohun tí àwọn onífọ́tò ń pè ní teleconverter lónìí, ọmọ Barlow ni. Awò kékeré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, àárín lẹ́ǹsì àti ara kámẹ́rà ni à ń fi í sí. Èmi máa ń pè é ní awò àfikún, títí a ó fi rí orúkọ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Japan ti sọ ọ́ di ohun tí onífọ́tò lásán lè rà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ó mú àárín àwòrán tí lẹ́ǹsì gbé wá, ó sì nà án kí ó fẹ̀. Èyí tí à ń pè ní 1.4 sọ lẹ́ǹsì 300mm di 420mm. Èyí tí à ń pè ní 2 sọ ọ́ di 600mm. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan náà ni a nà, nítorí náà ó fẹ́lẹ́ sí i. 1.4 ń gba ìdajì ìmọ́lẹ̀. 2 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ jẹ́ f/4 di f/5.6 tàbí f/8. Bí a bá ti lè fi ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá ya ẹyẹ tẹ́lẹ̀, 125 ni yóò kù pẹ̀lú awò 2, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ wa tí ń gbọ̀n di ìlọ́po méjì lójú àwòrán. Àbùkù tí ó wà lára lẹ́ǹsì náà tóbi sí i. Ohun kan ni kò yí padà: ibi tí ó súnmọ́ jù tí lẹ́ǹsì lè ríran kedere kò kúrò níbi tí ó wà, èyí sì dára fún ẹyẹ kékeré tí ó bà sí tòsí.

Ẹ gbé ìṣirò yìí wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ibẹ̀ kì í ṣe pápá gbalasa. Igi ńlá bo ojú ọ̀run, odò ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, òkùnkùn díẹ̀ sì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹyẹ wà níbẹ̀ nítorí pé èèwọ̀ kò jẹ́ kí a dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, kí a pa ẹja tàbí kí a gé igi. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olóríṣà, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950 tí ó sì kú ní Òṣogbo ní 2009, jà fún igbó yẹn pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú. Ère wọn ni gbogbo ayé ń wá wò. Èmi rò pé ó yẹ kí a máa yìn wọ́n fún àwọn igi náà pẹ̀lú.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ya fọ́tò pàtàkì ní Òṣogbo kò wo òkè. Pierre Fátúmbí Verger lo Rolleiflex, kámẹ́rà tí a kì í pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀, tí ènìyàn ń gbé sí igbáàyà tí ó sì ń wò láti òkè. Ó dára púpọ̀ fún olórìṣà tí ó dúró níwájú ẹni. Ẹyẹ orí igi kò sí nínú ohun tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lè mú. Nítorí náà a ní àwòrán ayẹyẹ Ọ̀ṣun láti ìgbà náà, a kò sì ní ti ẹyẹ igbó rẹ̀.

Nínú irú òjìji bẹ́ẹ̀, awò 1.4 ni mo yàn, mo sì fi 2 sílẹ̀ fún pápá, fún lékeléke lẹ́yìn màlúù àti àwòdì ojú sánmà. Kámẹ́rà àtijọ́ mìíràn kò tilẹ̀ lè wá ojúlówó ìríran fúnra rẹ̀ mọ́ bí ojú lẹ́ǹsì bá ti kéré ju f/5.6 lọ, àwọn tuntun tí kò ní dígí nínú ń kọjá f/8 dáadáa. Àwọn aṣelẹ́ǹsì ti ń kọ́ awò náà mọ́ inú lẹ́ǹsì gan-an: Canon ṣe é sínú 200-400mm rẹ̀ ní 2013, Nikon sì ṣe é sínú 400mm àti 600mm rẹ̀ ní 2022. Owó wọn kì í ṣe ti olùkọ́.

Ìdí tí ìdajì ìmọ́lẹ̀ yìí fi tó nǹkan ni Malimbus ibadanensis. John Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni ó wà ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n lè parun. Igbó IITA ní Ìbàdàn wà lára ibi tí a ti ń rí i. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni, ó dúdú, ó sì pupa lórí. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan tí kò ṣọ̀wọ́n dúdú ó sì pupa lórí bákan náà. Ibi tí pupa náà dúró ni ìyàtọ̀ wọn: akọ ti Ìbàdàn, pupa rẹ̀ dé àyà; ti èkejì, àyà rẹ̀ dúdú. Lórí igi gíga, ìyàtọ̀ yẹn kò ju fífẹ̀ èékánná lọ. Fọ́tò tí ó bàìbàì kò lè sọ èyí tí ó jẹ́, àkọsílẹ̀ tí a bá gbé lé e lórí yóò sì ka ẹyẹ tí kò sí mọ́ àwọn tí ó wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orúkọ. Bí a bá fi àwòrán tí kò mọ́ han àgbà ọdẹ, orúkọ tí ó súnmọ́ ọn jù ni yóò fún wa, ìwé atúmọ̀ èdè yóò sì gbé e. Bí àwòrán bá mọ́, yóò wo àgógó, yóò wo ẹsẹ̀, yóò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Abo Terpsiphone kò ní ìrù gígùn. Ẹni tí ó bá rí òun nìkan kò ní ìdí kankan láti pè é ní ọ̀kín. Nítorí náà akọ àti abo ni mo máa ń tẹ̀ sójú ìwé kan náà kí n tó mú un lọ bá wọn.