Ẹgbẹ̀rún Akẹ́kọ̀ọ́, Olùkọ́ Kan: Níbo ni ìpàdé kékeré gbà lọ?

Nígbàkigbà tí àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì bá jókòó ti ọ̀rọ̀ yunifásítì, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé èrò ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Wọ́n á ní láyé ìgbà tiwa, ogún ènìyàn ló ń wà ní kíláàsì, olùkọ́ mọ orúkọ oníkálukú, ó tún mọ ìlú tó ti wá. Nísinsìnyí, ẹgbẹ̀rin akẹ́kọ̀ọ́ ló há sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, àwọn mìíràn dúró lójú fèrèsé. Òótọ́ ni, ojú tèmi náà rí i. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka ìtàn ẹ̀kọ́ gíga sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí i pé èrò nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun kan wà tó máa ń bá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá rìn tẹ́lẹ̀, tó bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, tí a ò sì padà lọ mú. Òun ni mo fẹ́ wá lónìí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. A ó gba ìlú Paris kọjá ká tó dé Ìbàdàn.

Kí ló tiẹ̀ dé tí ẹnì kan fi ń dúró níwájú, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ń jókòó gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, lecture, inú èdè Látìn ló ti wá, ìwé kíkà ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ní Yúróòpù ọ̀rúndún kẹtàlá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, orí awọ ẹran ni wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sí. Owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Olùkọ́ ló máa ń ní ìwé lọ́wọ́; á kà á sókè, á sì máa la ìtumọ̀ rẹ̀ yé wọn bó ṣe ń lọ. Ọ̀wọ́n ìwé ló bí ọ̀nà ìkọ́ni yìí, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó rò ó pé òun ló dára jù.

Bóyá ẹ ò ní gbàgbọ́, handout wà nígbà yẹn pàápàá. Ní Bologna àti Paris, àwọn olùtàwé tí yunifásítì fọwọ́ sí máa ń tú ojúlówó ìwé kan sí abala abala. Wọn á fi abala kan háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ kó lọ dà á kọ, kó dá a padà, kó tún gba èyí tó tẹ̀ lé e. Pecia ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń fi iye owó háyà náà lélẹ̀, kí olùtàwé má baà fi akẹ́kọ̀ọ́ jẹun. (Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi tipátipá ta handout fún rí, ẹ rọra rẹ́rìn-ín o.)

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1355, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka Arts ní Paris ṣe òfin kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ́ni láàárín wọn. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ geere, tó fi jẹ́ pé ọkàn lè gbá a mú ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè bá a. Àwọn kan sì ń fà á díẹ̀díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fòfin de ọ̀nà kejì yìí. Olùkọ́ tó bá ń pe nóòtì, kò ní kọ́ni fún ọdún kan gbáko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì tìtorí òfin yìí pariwo, tó ń súfèé, tàbí tó ń ju òkò, òun náà yóò kúrò láàárín wọn fún ọdún kan. Òkò o! Ẹ wò ó, ó ti lé ní 600 ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé nóòtì pípè kì í ṣe ìkọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń bèèrè fún un láti ìgbà náà.

Kí ni àwọn olùkọ́ Paris gbójú lé tí wọ́n fi lè sọ bẹ́ẹ̀? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í dá rìn lọ́dọ̀ wọn. Àríyànjiyàn ni èkejì rẹ̀: ìpàdé kan níbi tí wọn yóò ti ju ìbéèrè sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yóò dáhùn, tí àwọn mìíràn yóò ta kò ó, tí yóò sì fèsì. Ẹni tí kò bá jiyàn kò lè gboyè. Etí ń gbọ́ lọ́jọ́ kan, ẹnu ń sọ lọ́jọ́ kejì. Ní Oxford àti Cambridge, nígbà tó yá, ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́ méjì mẹ́ta pẹ̀lú olùkọ́ kan ló wá gba ipò yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní tutorial tàbí supervision.

Méjèèjì ni wọ́n gbé wá bá wa. Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1948, 104 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wá láti Yaba Higher College. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí, nínú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn àwọn ológun fi sílẹ̀, Kenneth Mellanby sì ni ọ̀gá àgbà. Oyè yunifásítì London ni wọ́n ń gbà títí di 1962. Àwọn tó kàwé níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ wa lẹ́yìn náà, kì í yéé sọ nípa tutorial: kí o kọ àròkọ rẹ wá, kí o kà á síwájú olùkọ́, kó bi ọ́ ní ìbéèrè tí òógùn á fi bo ọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kíláàsì kékeré yẹn dùn fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni. Ó kéré nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tóóró. Títí di 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà ogójì mílíọ̀nù. Nítorí náà, tí àgbà kan bá ń ṣe àárò ogún ènìyàn ní kíláàsì, mo máa ń fẹ́ bi í pé: ta ni nínú àwọn ọmọ rẹ ni ì bá ráyè wọlé?

Ìgbìmọ̀ Eric Ashby, tí wọ́n yàn ní 1959, rí ìṣòro yìí. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1960, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó 7,500, ó kéré tán, tí yóò bá fi di 1970. Ìjọba ní kò tó, ó sọ ọ́ di 10,000. Ọdún 1960 yẹn náà ni Nsukka ṣílẹ̀kùn, tí Nnamdi Azikiwe àti àwọn ará Michigan State gbé ìlànà Amẹ́ríkà wá síbẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbé wá ni General Studies, pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́ tàbí orin, gbọ́dọ̀ jọ kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ kan. Èrò rere ni. Wọn ò fẹ́ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì má mọ ìtàn ìlú rẹ̀. Àmọ́ ìgbà tó di kàn-ń-pá ní gbogbo yunifásítì, tí àjọ NUC sì fi sínú ìlànà tó kéré jù lọ tó gbé jáde ní 1989, ibẹ̀ gan-an ni kíláàsì tó tóbi jù lọ ti jáde.

Láàárín, ẹ mọ bí ó ṣe lọ. Ní 1975 ìjọba àpapọ̀ gba àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀, ó sì kéde àwọn tuntun méje. Wọ́n fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́, Jámbù dé ní 1978. Èrò ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni SAP dé ní 1986, náírà wó, àwọn olùkọ́ sì ń di ẹrù wọn lọ sí Saudi, South Africa, Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni tutorial kú, kò sì sẹ́ni tó sìnkú rẹ̀. Kò sí sẹ́néètì kankan tí mo mọ̀ tó jókòó, tó dìbò pé ká pa á. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tó máa ń darí rẹ̀ ni kò sí mọ́. Lẹ́kíṣọ̀ ṣì wà lórí tàìmùtébù. T tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tí o bá dé yàrá náà, àga nìkan lo máa bá.

Àwọn aláṣẹ yóò fi ìṣirò dá ọ lóhùn. NUC ní kí olùkọ́ kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 10 ní ìmọ̀ ìṣègùn, 15 ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, 20 ní sáyẹ́ǹsì, 30 ní Arts. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ní kó yẹ àìní àwọn yunifásítì rẹ̀ wò, tó jábọ̀ ní 2012, rí i pé ní àwọn ibì kan, ó ti ju 100 lọ sí olùkọ́ kan. Ó burú. Síbẹ̀, kódà níbi tí ìṣirò náà bá ti pé, ó lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi gbogbo olùkọ́ pín. Ẹ̀ka kan lè ní olùkọ́ kan sí 30, kí àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n máa kọ́ ènìyàn mẹ́jọ ní ọdún tó kẹ́yìn, kí wọ́n sì ju ọmọdé olùkọ́ kan sáàárín 900 ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn tó nílò ojú olùkọ́ jù lọ la fún ní díẹ̀ jù lọ.

Ǹjẹ́ a lè kó èrò jọ, ká sì kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ẹ má lọ jìnnà, ilé kéwú ni kí ẹ lọ. Álfà kan, ọmọ ogójì, ọgọ́ta. Oníkálukú gbé wàláà tirẹ̀ lọ́wọ́, ibi tí Tàíwò dé kọ́ ni Kẹ́hìndé dé. Àwọn tó ti rìn jìnnà ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí ó bá mọ tirẹ̀, á dìde lọ kà á fún álfà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, á padà síbi tó jókòó sí. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, àmọ́ nínú ariwo yẹn kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. (Ọ̀rọ̀ ẹgba yàtọ̀. Ẹgba kọ́ ni mò ń yìn.)

Ọ̀gbẹ́ni Eric Mazur, tó ń kọ́ físíìsì ní Harvard, dé ibi tó jọ èyí láti ọ̀nà mìíràn. Láti 1991 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró láàárín lẹ́kíṣọ̀. Á bi wọ́n ní ìbéèrè kan, oníkálukú á yan ìdáhùn tirẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yíjú sí aládùúgbò wọn, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n tún yàn lẹ́ẹ̀kejì. Ìka ọwọ́ tó láti fi dìbò náà, kò dìgbà tí iná bá wà.

Ní apá ìparí iṣẹ́ mi, wọ́n gbé kọ́ọ̀sì kan lé mi lọ́wọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ju 700 lọ. Mo fi nọ́ńbà mátíríìkì pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ọ̀rẹ́ má baà kó ara wọn jọ. Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo dákẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè kan. Kí oníkálukú kọ tirẹ̀ sórí bébà fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n wá bá ara wọn fà á, ní èdè tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni màá pe nọ́ńbà: ẹgbẹ́ 43, ẹni kẹfà, dìde. Bébà kan ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀, nítorí náà nǹkan bíi 70 ni mò ń kà lọ́sẹ̀, kì í ṣe 700. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀lẹ má baà jẹ lára ẹlòmíràn.

Èdè yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Lọ́jọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ọba ṣe, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan tí kò lanu rí ní gbọ̀ngàn bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Tó bá jẹ́ ọba ló ń ṣèjọba, ta ló wá ń gba owó orí?” Ẹ gbọ́ mi, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ jagun Adùbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún 1918! Kò lè dìde bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú 700 ènìyàn. Ó bi ènìyàn mẹ́sàn-án lédè Yorùbá. Mo ní kó tún un sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn bó ṣe sọ ọ́ gan-an, òun ló sì gbé ìyókù ọ̀sán yẹn.

Àwọn kan wà tí gbọ̀ngàn ńlá ń tì jáde láìlé wọn. Andrew Foster, adití, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó gboyè ní Gallaudet ní 1954, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ní 1977 ni ìjọba dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí. Nítorí náà, ó pẹ́ tí adití àti afọ́jú ti ń bá wa wá ẹ̀kọ́ gíga. Olùkọ́ tó kọ ẹ̀yìn sí wọn tó ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, kí ni adití fẹ́ kà lẹ́nu rẹ̀? Tó bá ní “ẹ wo èyí, ẹ fi wé ìyẹn,” kí ni afọ́jú fẹ́ fi wé kí ni? Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún abirùn. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Àmọ́ kíka ohun tí o kọ sí bọ́ọ̀dù sókè, kíkọjú sí èrò, kò náni ní kọ́bọ̀.

Ohun tó ń náni lówó ni gbọ̀ngàn. Káàkiri ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ti ẹlẹ́ni 500, ti ẹlẹ́ni 1,000, owó TETFund ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ náà ò lè fi owó ọ̀hún san owó oṣù tutor, iṣẹ́ tí òfin gbé fún un kọ́ nìyẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ti wọ̀, àga irin ni wọ́n tò, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ sìmẹ́ńtì, gbogbo rẹ̀ kọjú síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, àfi kó lọ́ ọrùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé, kí kọngílá tó po sìmẹ́ńtì, ẹ bá mi bèèrè iye tí àga tó lè yí máa jẹ́.