Ta Ló Ń Tẹ́tí Lójú Òkun?

Aago kan wà láyé ìgbà kan tó jẹ́ pé inú yàrá rédíò ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Ojú rẹ̀ funfun bíi ti aago yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀dà kun ibi mẹ́rin lára rẹ̀. Pupa ni ti ìṣẹ́jú 15 sí 18 àti ti 45 sí 48. Àwọ̀ ewé ni ti ìṣẹ́jú 0 sí 3 àti ti 30 sí 33. Nígbà náà, bí ọwọ́ aago bá ti wọ ibi tó pupa, gbogbo òṣìṣẹ́ rédíò tó ń fi Morse ránṣẹ́ lórí 500 kHz, yálà ọ̀nà Liverpool ló wà tàbí ọ̀nà Èkó, gbọ́dọ̀ gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ni wọ́n á fi dákẹ́, tí wọ́n á fi tẹ́tí. Ibi aláwọ̀ ewé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún àwọn tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ lórí 2182 kHz. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rì, tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń tán lọ, á lè rí àyè sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tí àwọn alágbára bá panu mọ́.

Lónìí, rédíò ojú omi ti di wọ́kì-tọ́kì tí wọ́n ń há mọ́ ìgbànú. Tí wọ́n bá ń pìtàn rẹ̀, bó ṣe ń kéré sí i àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ sí i ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gba ẹ̀mí èèyàn là jù. Ohun tó le jù látìbẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa rí ẹni tó ń gbọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò burú rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1898, wọ́n gbé ẹ̀rọ Guglielmo Marconi, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sínú East Goodwin, ọkọ̀ oníná tí wọ́n fi ìdákọ̀ró dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì iyanrìn Goodwin ní etíkun Kent. Òkìtì yẹn ti gbé ọkọ̀ mì kọjá kíkà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ oníná ń bá ilé iná South Foreland lórí òkè sọ̀rọ̀, ibi tó tó máìlì 12 sí wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1899, ọkọ̀ Elbe gun orí iyanrìn náà. Wọ́n fi rédíò ránṣẹ́ sí òkè, wọ́n sì pe ọkọ̀ ìdóòlà Ramsgate jáde. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi kan àwọn fúnra wọn: nínú oṣù Kẹrin, ọkọ̀ R. F. Matthews já lu East Goodwin nínú kùrukùru, àwọn tó máa ń figbe ta fún ẹlòmíràn wá ń ké fún ara wọn.

Ẹni méjì péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan lójú omi, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan sì ń retí èkejì. Nígbà tí ọkọ̀ di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1912, Cyril Evans, òṣìṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀ Californian, pa ẹ̀rọ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó lọ sùn. Ó ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀, kò sì sí òfin tó ní kó má sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Titanic lọ kọ lu òkè yìnyín. Nínú Carpathia, tó jìnnà ju Californian lọ, Harold Cottam náà ti fẹ́ sùn, àmọ́ kò tíì bọ́ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí. Òun ló gbọ́. Ẹni tó lé ní 700 ló yè. Bí Cottam bá ti yára bọ́ra ni, ó ṣòro láti mọ iye tí à bá máa kà lónìí.

Ọdún kejì ọjọ́ yẹn kò tíì pé tí àwọn orílẹ̀-èdè fi péjọ ní London. Ní oṣù Kìíní ọdún 1914, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn SOLAS àkọ́kọ́ lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, tó ní kí àwọn ọkọ̀ kan máa fetí sí rédíò tọ̀sán tòru. Ogun Àgbáyé Kìíní ni kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ mẹ́ta kí ẹnì kan lè wà lórí àga nígbà gbogbo? Àwọn olówó ọkọ̀ kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jí òṣìṣẹ́ sílẹ̀: bí ìró gígùn bá wọlé tẹ̀ léra, méjìlá lápapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, agogo á dún lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Morse ṣì ni gbogbo èyí, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Apẹja tàbí atukọ̀ kékeré kò mọ̀ ọ́n. Ohùn ẹnu ló mú tiwọn wọlé, nígbà tí ìpàdé Washington ti ọdún 1927 sì gba «Mayday» gẹ́gẹ́ bí igbe ẹni tó wà nínú ewu, ẹnikẹ́ni tó bá lè sọ̀rọ̀ ló lè ké e.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ rédíò di ohun àfọwọ́mú. Donald Hings ní Kánádà ti ṣe ọ̀kan tó ṣeé gbé kiri ní 1937. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Galvin, tó di Motorola, ṣe SCR-536 fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, èyí tí ọwọ́ kan lè gbé, tó wọ̀n tó kílò méjì àti díẹ̀, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ ju nǹkan bíi máìlì kan lọ lórí ilẹ̀. SCR-300 tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wúwo jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ FM ló ń lò, ohùn rẹ̀ sì mọ́.

Èbúté ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ nígbà tí ogun parí. Ní oṣù Keje ọdún 1948, Liverpool ṣí ibùdó rédà kan kí kùrukùru má baà máa ti èbúté pa. Rédà ń rí ọkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò sọ ohun tó rí fún ẹni tó ń tukọ̀? Àwọn afinimọ̀nà èbúté ló ń gbé rédíò VHF kékeré gorí ọkọ̀, tí ibùdó sì ń sọ fún wọn ibi tí wọ́n wà. Èbúté yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ti ń gbéra lọ sí Èkó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ìgbà náà ló gba odò Mersey wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1957, ìpàdé kan ní The Hague ṣètò VHF fún ọkọ̀ òkun. Ìkànnì 16, ìyẹn 156.8 MHz, di ibi ìpè àti ibi igbe ewu. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹnì kan kì í dá gbọ́. Ẹni tó bá ké lórí rẹ̀ ń ké sí gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí, títí kan ọkọ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ rí. Àléébù rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ ẹlòmíràn títí á fi jọ̀wọ́ bọ́tìnì, bí ẹni méjì bá sì jọ sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ̀rọ tó lágbára ló ń gbé èkejì mì. Bọ́tìnì kan tó há, tàbí tí ẹnì kan jókòó lé láìmọ̀, lè ti ìkànnì 16 pa fún gbogbo àgbègbè náà. Ó sì tún ní ibi tí ohùn rẹ̀ mọ. VHF kì í tẹ̀ mọ́ ayé. Ibi tí ojú lè rí ni ó ń dé, ó lé díẹ̀. Wọ́kì-tọ́kì méjì tí èèyàn mú dání nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kò lè bára wọn sọ̀rọ̀ ju nǹkan bíi máìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀pá èríà tó ga ní mítà 100 ní etíkun lè gbọ́ ọ láti ibi tó lé ní máìlì 20. Nítorí náà, gíga ẹni tó ń gbọ́ máa ń ṣe pàtàkì ju agbára ẹni tó ń pè lọ: wọ́kì-tọ́kì ń lo nǹkan bíi wáàtì 5, èyí tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ ń lo 25.

Ó pẹ́ kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ọkọ̀ 303 gbéra fún eré ìje Fastnet láàrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ìjì já lù wọ́n. Ọkọ̀ márùn-ún rì, 15 nínú àwọn eléré náà sì kú. Kò pọn dandan nígbà náà kí ọkọ̀ eré ní rédíò tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan lè gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ láìlè dá a lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ eré ìje náà gbọ́dọ̀ gbé VHF.

Àwọn ọkọ̀ ńlá gba òfin tiwọn. GMDSS, ètò àgbáyé fún igbe ewu àti ààbò lójú òkun, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 tó sì di dandan pátápátá ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1999, ní kí ọkọ̀ èrò ní wọ́kì-tọ́kì mẹ́ta ó kéré tán fún ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà. Ó ní irú èyí tí òfin ń fẹ́: àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn kó lè hàn lójú omi, bátìrì tó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, kí omi má sì wọ inú rẹ̀ bó bá wà nísàlẹ̀ omi mítà kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó kọ òfin yẹn mọ bí ọwọ́ tó tutù ṣe máa ń já nǹkan sílẹ̀.

Ètò yẹn ṣì wà lágbedeméjì nígbà tí ọkọ̀ èrò Estonia rì nínú Òkun Baltic ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, tí ẹni 852 kú. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí gbọ́ Mayday lórí ìkànnì 16. Ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ náà ti kú, ó sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méje kí ẹni tó ń pè tó lè sọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n gbọ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa lọ.

Ti Morning Dew tún yàtọ̀. Òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1997, ọkọ̀ ìgbòkun yẹn lọ kọ lu ògiri òkúta ní ẹnu èbúté Charleston, ní South Carolina. Ọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọdé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 17, ẹ̀ṣọ́ etíkun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́ ohùn kan. Orúkọ àjọ wọn nìkan ló dá mọ̀ nínú rẹ̀. Ó dáhùn, ẹnikẹ́ni kò fèsì, ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà gbọ́ téèpù, Mayday wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Ìwádìí ìjọba tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó ti Amẹ́ríkà sí Rescue 21, ètò tó jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ lè tún ohùn gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì mọ apá ibi tó ti wá.

Ní Èkó, láti ọdún 2008 ni ibùdó ìdóòlà ojú òkun tó wà lábẹ́ àjọ NIMASA ti ń bójú tó orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Benin àti Togo wà lára wọn. Lórí ọ̀sà, fóònù ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ojú omi gbójú lé. Fóònù dára, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ, bí onítọ̀hún bá gbé e. Ọkọ̀ ẹja tó wà ní àádọ́ta mítà kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọ́kì-tọ́kì ìwòyí ti gbé GPS sínú, ó léfòó, ó sì ní bọ́tìnì pupa kan lábẹ́ ìdérí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tó wà ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70, agogo yóò sì dún nínú gbogbo ọkọ̀ tó ní irú ẹ̀rọ náà nítòsí, kódà bí ẹni tó ń pè kò bá lè la ẹnu mọ́. Nọ́ńbà yẹn kì í bá ẹ̀rọ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Olúwa rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bí kò bá ṣe é, bọ́tìnì pupa náà kò ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.