Iye Òkú tí Èéfín Pa ní Lọ́ńdọ̀nù ní Ọdún 1952

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ojú rí èéfín, imú sì gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí ó ń pa fara pamọ́ pẹ́ títí. Ní ọdún 1661, John Evelyn kọ ìwé ta ko èéfín èédú ìlú náà. Ní ọdún 1662, John Graunt gbé ìwé jáde lórí àkọsílẹ̀ òkú ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òun náà ka èéfín èédú mọ́ ohun tí ó sọ ìlú náà di aláìsunwọ̀n fún ìlera.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 1952, òtútù mú gidigidi, èédú sì ń jó nínú ààrò ilé gbogbo. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó wà lókè dé afẹ́fẹ́ tútù mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Èéfín kò rí ọ̀nà lọ títí di ọjọ́ 9. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú, àrùn àyà àti àrùn ọkàn ni a ń rí kà. Nígbà tí a fi iye òkú wé ti irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún ìṣáájú ni ó tó hàn pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó lé.

Ìkùukùu ká, ṣùgbọ́n ikú kò dẹwọ́. Títí wọ inú oṣù Kejì ọdún 1953, iye òkú ṣì ga. Ìjọba ní àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ni. Ní ọdún 2001, Michelle Bell àti Devra Davis tún ìṣirò náà ṣe. Wọ́n rí i pé ọ̀fìnkìn nìkan kò lè pa tó bẹ́ẹ̀, àti pé òkú tí ó lé súnmọ́ 12,000. Ibi tí oníkálukú pa ààlà òǹkà sí ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Ní ọdún 1956, ìjọba ṣe Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́. Nígbà tí irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ tún dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, èéfín ti dín kù, òkú kò sì pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, òfin nìkan kọ́ ni ó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ń fi gáàsì àti iná mànàmáná rọ́pò èédú. Bákan náà, ọdún tí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa lè dà bí ọdún tí ènìyàn tún ìwà ṣe. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ọdún kan kò tó dájọ́. Ti ọ̀pọ̀ ọdún ni a ó tò jọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni pé, bí ó bá bá iye pàdé nínú ìwé, kí ó bèèrè ẹni tí ó kà á, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ó dúró, àti ohun tí ó fi wé. Àìbéèrè yìí ni ó mú kí a fi nǹkan bí 8,000 òkú sílẹ̀ láìkà fún ọdún méjìdínláàádọ́ta.