Sùngbọ́ àti Ayaba Ṣébà: Ta Ni Ó Gbẹ́ Yàrà Ìjẹ̀bú?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ yàrà kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, àti obìnrin kan tí a ní ó mú kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn kan sọ pé obìnrin náà ni Ayaba Ṣébà, ẹni tí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 10, sọ pé ó lọ bẹ Sólómọ́nì wò. Mo fẹ́ béèrè bóyá ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Eredò Sùngbọ́ ni a ń pe yàrà náà. Ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìletò ká nínú igbó, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ mọ, ó tó mítà 20. Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n ní 1999 ni òkìkí rẹ̀ kàn káyé, nígbà tí Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Bournemouth, ṣírò pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ pọ̀ ju òkúta tí Fáráò Khufu fi kọ́ pírámídì ńlá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ayaba ni àwọn ìwé ìròyìn sì gbé, wọ́n fi yàrà sẹ́yìn.

Ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni ibi tí a ń pè ní ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ wà. Mùsùlùmí ń lọ síbẹ̀, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe náà ń lọ. Ìtàn ibẹ̀ ni pé opó olówó ni, tí kò bímọ, tí ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kí orúkọ òun má baà parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ náà wò. Bíbélì kò fún ayaba yìí ní orúkọ. Àlùkùránì náà, ní Súrà 27, kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn ààfáà tí ó ṣàlàyé Àlùkùránì ni ó pè é ní Bilqis, tí ó di Bílíkísù lẹ́nu wa. Makeda ni ti àwọn ará Ethiopia. Ẹni tí ó bá pe Sùngbọ́ ní Bílíkísù, ẹnu Mùsùlùmí ni ó ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ogun gba Ìjẹ̀bú ní 1892 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ sì wọ inú Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kristi. Lójú tèmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ lítíréṣọ̀, Sùngbọ́ ti wà lẹ́nu àwọn Ìjẹ̀bú tipẹ́ kí Bílíkísù tó wá bá a. Àgàn tí ń wá ohun tí yóò rọ́pò ọmọ, ìtàn Yorùbá gidi nìyẹn. Ti Ethiopia lòdì sí i pátápátá: Makeda bí Menelik fún Sólómọ́nì, orí ọmọ yẹn sì ni gbogbo ìtàn wọn dúró lé.

Kí ni ilẹ̀ wí? Ọ̀rúndún kẹwàá ṣáájú ìbí Jésù ni a ń ka ìjọba Sólómọ́nì sí. Darling fúnra rẹ̀ fi yàrà náà sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Gérard Chouin, David Àrẹ̀mú àti Ọlánrewájú Lásísì, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tún sún un súnmọ́ wa: èédú tí a bá nínú ilẹ̀ fi hàn pé ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Jésù ni. Ní nǹkan bíi 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ Potogí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká. Ẹ̀rí méjèèjì bára mu. Ó ju 2,000 ọdún lọ láàárín Sólómọ́nì àti ọkọ́ tí ó gbẹ́ yàrà yìí.

Ìjẹ̀bú nìkan kọ́. Ní Aksum ní Ethiopia, wọ́n ń fi àwókù ilé Dungur han àlejò pé ààfin Ṣébà ni; ilé náà kò sì tó 2,000 ọdún. Ní Marib ní Yemen, níbi tí ìjọba Sábà ti wà ní tòótọ́, tẹ́ńpìlì kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Mahram Bilqis. Wendell Phillips àti ẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ ní 1951 sí 1952. Orúkọ òrìṣà Almaqah ni a kà lára òkúta. Ayaba tí ó bẹ Sólómọ́nì wò kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan lè ní bí a kò tilẹ̀ rí i, ó lè ti wà. Ó lè ti wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún un.

Ẹ̀yin ará Adó-Odò, irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. A. B. Ellis kọ ọ́ ní 1894 pé Adó ni olórí ojúbọ Odùduwà wà, òrìṣà obìnrin ni ó sì pè é. Nígbà tí ìwé Samuel Johnson jáde ní 1921, Odùduwà ti di ọkùnrin, ọmọ Lámúrúdu ọba Mẹ́kà. (Àwọn Àwórì kò tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu dé Mẹ́kà, àwo tí ó rì sódò ní Ìṣẹrì tó wọn.) N kò bú Johnson. Ìtàn tí àwọn òyìnbó ìgbà náà ń bọ̀wọ̀ fún ni ìtàn Bíbélì, ó sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àyè nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Leo Frobenius. Nígbà tí ó rí ère Ifẹ̀ ní 1910, ó ní àwọn ará Atlantis ni ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí kò gbà pé ọwọ́ wa lè ṣe é. Bí a bá gbé yàrà Ìjẹ̀bú fún Ṣébà, a ti bá Frobenius pa ẹnu pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ta ni yóò béèrè irú ọba tàbí ìgbìmọ̀ tí ó lè kó àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ jọ sínú igbó? Ta ni yóò béèrè ẹni tí ó bọ́ wọn, àti ọ̀tá tí wọ́n ń bẹ̀rù?

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi Eredò sínú àkọsílẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fi síwájú UNESCO. Ní Òkè-Ẹ̀rí, àwọn tí ń bẹ ayaba wò kò jẹ́ kí koríko bo ibojì. Níbòmíràn, ọ̀nà mọ́tò ti la yàrà kọjá, àwọn ènìyàn sì ń wa iyẹ̀pẹ̀ òkìtì rẹ̀ lọ kọ́lé.