Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Cape Town sí Káírò

Ní ọdún 1959, àwọn ará Amẹ́ríkà kan kó tírélà 41 jọ sí Cape Town. Kì í ṣe tírélà akẹ́rù tí à ń rí ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ilé kéékèèké onítáyà ni, tí wọ́n fi álúmíníọ́mù ṣe, tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀. Wally Byam, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, ló ṣáájú wọn. Wọ́n fẹ́ wakọ̀ láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà dé Káírò, wọ́n sì débẹ̀ ní 1960. Àwòrán tírélà wọn lẹ́bàá àwọn píramídì Giza ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìtàn náà.

Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fa tírélà ni mo máa ń wò. Ọ̀pọ̀ wọn ló lo píkọ́ọ̀pù, títí kan ti International Harvester, ilé-iṣẹ́ tó tún ń ṣe katakata oko nígbà náà. Ó bá a mu, nítorí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ àti olókùúta kì í wo ojú ọkọ̀ tó rẹwà.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tí yóò fa irú ilé yìí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè agbára ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Tírélà kì í kàn tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn, ó tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí ìkọ́. Bí kò bá tó, ìdí tírélà á máa jù sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá pọ̀ jù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tírélà oníkílò 3,000 lè gbé kílò 450 lé ìkọ́. Bí píkọ́ọ̀pù bá lè ru kílò 700, 250 ló kù. Àgbàlagbà mẹ́ta tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 75 ti jẹ 225 nínú rẹ̀. Kílò 25 péré ló ṣẹ́ kù fún àpò, omi àti oúnjẹ. Ẹ́ńjìnnì lè fà á, àmọ́ ọkọ̀ kò lè rù ú. A ò tíì sọ ti bíréèkì, tí yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹrù kan tún wà tí àwòrán Giza kò gbé jáde. Ní Kòǹgò, tí kò gba òmìnira títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1960, iṣẹ́ tipátipá ni wọ́n fi la ọ̀pọ̀ ọ̀nà lábẹ́ ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù. Àwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí i jáde ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. A máa ń yin ọkọ̀, a máa ń yin awakọ̀, ẹni tó la ọ̀nà kì í sí nínú àwòrán.

Lónìí, àwa fúnra wa là ń wakọ̀, àwa náà la sì ń di ẹrù kọjá ìwọ̀n. Awakọ̀ á ní, "Ó máa gbé e." Bí bíréèkì bá kọ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré níwájú àti ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń san gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn. Kí a tó béèrè bí ọkọ̀ ṣe lágbára tó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ẹrù.